Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ Glenwood Canyon ní Colorado: ẹ kọ́kọ́ gòkè kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún la fún un. Ariwo ọkọ̀ ló gba ìràwọ̀ karùn-ún. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó gba inú Glenwood Canyon kọjá, ní ìpínlẹ̀ Colorado lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi díẹ̀ tí ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ ti lè gun kẹ̀kẹ́ jìnnà nínú ọ̀gbun odò láì bá ọkọ̀ du ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní apá ìlà oòrùn ìlú Glenwood Springs, nítòsí ihò olóoru tí wọ́n ń pè ní Yampah, ó sì ń bá odò Colorado lọ sókè títí tó fi dé Dotsero. Gígùn rẹ̀ tó máìlì 16, ìyẹn kìlómítà 26. Bí ẹ bá lọ tí ẹ sì bọ̀, kìlómítà 52 nìyẹn. Ojú ọ̀nà náà le, ó sì dán, kẹ̀kẹ́ onítáyà tín-ín-rín pàápàá lè gbà á. Ọ̀fẹ́ ni, kò sẹ́ni tó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ṣáájú ohun gbogbo ni pé àwọn ilé ìyákẹ̀kẹ́ tó wà ní Glenwood Springs sábà máa ń ta ìrìn yìí láti òkè wá sísàlẹ̀. Wọn á kó ẹ̀yin àti kẹ̀kẹ́ sínú bọ́ọ̀sì, wọn á já yín sílẹ̀ ní Bair Ranch lápá òkè, ẹ̀yin á wá máa gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ nílé. Wọ́n ní ìsọ̀kalẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Òótọ́ ni, ìsọ̀kalẹ̀ ni. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ tó bá lè gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí mẹ́rin kò nílò bọ́ọ̀sì yẹn rárá, wọn á sì gbádùn ọjọ́ wọn ju ẹni tó sanwó rẹ̀ lọ, bí wọ́n bá kọ́kọ́ gòkè láàárọ̀ kùtù. Afẹ́fẹ́ ló fà á.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Glenwood Springs ga tó mítà 1,755 ju ojú òkun lọ. Láti ibẹ̀ dé Dotsero, ẹ ò gòkè ju bíi mítà 120 lọ. Ẹ pín mítà 120 sórí kìlómítà 26, kò tó ìdajì mítà nínú ọgọ́rùn-ún mítà. Ìdagẹ̀rẹ̀ tó kéré báyẹn, ẹsẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ń sọ̀ bọ̀ ní kìlómítà 20 ní wákàtí kan, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ lù yín lójú ní kìlómítà 10 péré, afẹ́fẹ́ yẹn ti gba gbogbo àǹfààní ìsọ̀kalẹ̀ náà, ó tún ti mú lára agbára yín lé e. Ọ̀sán kì í sì í sábà dúró sórí kìlómítà 10.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro. Bí oòrùn bá ti mú ògiri òkúta, afẹ́fẹ́ tó wà lára rẹ̀ á gbóná, á fúyẹ́, á sì gbéra lọ sókè. Èyí tó tutù á wọlé láti ìsàlẹ̀ wá rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, láti bí aago mọ́kànlá lọ, afẹ́fẹ́ máa ń ti apá Glenwood wọ inú ọ̀gbun lọ sókè, ibi tí ọ̀gbun bá sì ti fún ló ti máa ń le jù. Àárọ̀ kùtù ló máa ń dákẹ́, tàbí kó rọra máa fẹ́ wálẹ̀. Ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì aago mẹ́wàá, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ ní aago mọ́kànlá, tó dúró jẹun, tó ya fọ́tò, àárín ọ̀sán gan-an ló máa bá ara rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ tó le jù, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ńlá onítáyà fẹ̀ǹfẹ̀ tí wọ́n yá a. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń rojọ́ pé wọ́n tan àwọn jẹ. Kò sẹ́ni tó tàn wọ́n. Àkókò ni wọ́n ṣì yàn.

Ìlànà tiwa rọrùn. Ẹ kúrò ní Glenwood ní aago méje. Ẹgbẹ́ tó bá ń lọ ní kìlómítà 15 sí 17 ní wákàtí kan, tó sì dúró ní ibi ìsinmi lẹ́ẹ̀mejì, á dé Dotsero láàárín aago mẹ́sàn-án sí mẹ́sàn-án àtààbọ̀. Ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ yí padà. Ẹ óò ti wà nínú ìlú kí afẹ́fẹ́ tó jí dáadáa, kí ìjì ààrá oṣù Keje àti Kẹjọ, tó máa ń dé lẹ́yìn ọ̀sán, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Òjìji ògiri òkúta sì máa ń bo apá púpọ̀ nínú ọ̀nà náà láàárọ̀. Òtútù wà níbẹ̀ o, nínú ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá, nítorí náà ẹ wọ ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń gba afẹ́fẹ́ dúró, tí ẹ lè ká sínú àpò bí oòrùn bá yọ.

Bí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ kò bá lè gòkè, àgbàlagbà tàbí ọmọdé, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì tó kọ́kọ́ jáde láàárọ̀, kì í ṣe èkejì. Kí àwọn tó gòkè pàdé wọn ní Bair Ranch, kí gbogbo yín jọ sọ̀ bọ̀. Ètò yìí ló dára jù fún ẹgbẹ́ tí agbára wọn kò dọ́gba. Ẹ wá bọ́ọ̀sì náà sílẹ̀ lọ́jọ́ bíi mélòó kan ṣáájú, nítorí ìjókòó rẹ̀ máa ń kún lópin ọ̀sẹ̀.

Ohun tí ẹ óò rí, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè

Ọ̀gbun náà fúnra rẹ̀ gùn tó máìlì 12 àtààbọ̀, ògiri òkúta rẹ̀ sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 1,300 ní àwọn ibi kan, bíi mítà 400. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tóóró gan-an, síbẹ̀ nǹkan mẹ́ta ló bá odò pín in. Ojú irin wà ní òdìkejì odò, reluwé ti ń gba ibẹ̀ láti 1887. California Zephyr ti Amtrak ṣì ń kọjá lójoojúmọ́, ọ̀kan lọ, ọ̀kan bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni òpópónà márosẹ̀ I-70, tí wọ́n parí apá tó gba inú ọ̀gbun yìí ní oṣù Kẹwàá ọdún 1992. Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Kí wọ́n má baà fọ́ òkúta jù, àwọn tó kọ́ I-70 gbé ọ̀nà tó ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn sókè lórí afárá, wọ́n fi èyí tó ń lọ sí ìlà oòrùn sísàlẹ̀. Inú ètò kan náà ni wọ́n ti ya ọ̀nà kẹ̀kẹ́, kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá lẹ̀ mọ́ ọn. Ó hàn: ibi tí kò sí àyè, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ á wọ abẹ́ afárá lọ, á jáde létí omi, á tún gòkè. Iṣẹ́ ọwọ́ tó ṣe é wò ni, ó sì yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ afárá máa gbójú sókè (níbi tó bá ti dúró ni o, kì í ṣe lórí eré).

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí àbájáde I-70 kọ̀ọ̀kan jẹ́ iye máìlì, nítorí náà ẹ lè fi ka ìrìn yín. Glenwood Springs ni 116, No Name 119, Grizzly Creek 121, Shoshone 123, Hanging Lake 125, Bair Ranch 129, Dotsero 133. Ẹni tó bá rí 125 mọ̀ pé òun ti kọjá ìdajì.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé No Name kò dùn. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sún mọ́ òpópónà, ọkọ̀ àjàgbé ń bú ramúramù lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ ò ní gbọ́ ara yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi apá yìí ṣe ìdájọ́ gbogbo ọ̀nà, wọ́n á sì yí padà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ̀ síwájú. Ní Grizzly Creek, àyè fẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, tábìlì wà lábẹ́ igi, odò sì wà ní tòsí. Ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ ojú omi onírọ́bà tó ń gba inú ìgbì kọjá ti ń gúnlẹ̀, nítorí náà láti aago mẹ́wàá lọ, èèyàn tó ru àjẹ̀ ìtukọ̀ àti ọkọ̀ lórí á máa gé ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kọjá láìwo ọ̀tún wo òsì. Ẹ dín eré kù pátápátá níbẹ̀.

Láti Grizzly Creek lọ ni ẹsẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ iṣẹ́. Odò ń já wálẹ̀ kíkankíkan ní Shoshone, ibi tí àwọn ọlọ́kọ̀ onírọ́bà ń wá ìgbì wá, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sì gbọ́dọ̀ bá a gòkè. Ìgòkè náà kúrú ṣùgbọ́n ó ga, ó sì máa ń yọ sí èèyàn lójijì lẹ́yìn kọ̀rọ̀. Ẹ ti yí gíà sílẹ̀ kí ẹ tó dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí pẹ́dàlì ti wúwo kó tó yí gíà, ṣéènì rẹ̀ lè já bọ́, á sì dá gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúró. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ mànàmáná Shoshone wà, èyí tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1909. Bíi máìlì méjì lókè rẹ̀ ni wọ́n ti sé odò, tí wọ́n sì ń gba inú ihò òkúta darí omi wá sí ilé iṣẹ́ náà. Ìdí nìyí tí omi fi máa ń pọ̀ lókè ìsédò tó sì máa ń kéré láàárín ìsédò àti ilé iṣẹ́, nígbà tí omi bá ti fà. Ẹ̀tọ́ omi tí ilé iṣẹ́ yìí ní, tó ti wà láti 1902, wà lára èyí tó dàgbà jù tó sì lágbára jù lórí odò Colorado.

Hanging Lake ni ọkàn ọ̀nà yìí. Òpópónà wọ inú ihò òkè lọ níbẹ̀, ó gùn ju kìlómítà kan lọ, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sì bá odò yí ìgun náà ká. Ariwo á dákẹ́ fẹ́ẹ́. Omi nìkan ni ẹ óò máa gbọ́, àti ẹyẹ, àti ṣéènì kẹ̀kẹ́ yín. Ìwọ̀nba máìlì díẹ̀ yìí nìkan tó ohun tí èèyàn á tìtorí rẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn. Bí ẹ bá máa dúró jẹun, ibí ni kí ẹ ti dúró. Àgùntàn òkè oníwo ńlá máa ń sọ̀kalẹ̀ wá mu omi nínú ọ̀gbun yìí. Bí ẹ bá rí wọn, ẹ má sún mọ́ wọn, ẹ má sì fún wọn lóúnjẹ.

Ní Bair Ranch, ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í ya kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, oòrùn á sì wọlé. Ọ̀pọ̀ ń yí padà níbẹ̀, a ò bá wọn jà. Máìlì mẹ́rin tó kù dé Dotsero kò ga, òpópónà sì tún padà súnmọ́ yín. Àmọ́ bí ẹ bá dé òpin, ẹ óò rí ibi tí odò Eagle ti da pọ̀ mọ́ Colorado, lókè rẹ̀ sì ni kòtò òkè ayọnáyèéfín Dotsero wà, èyí tó bú gbàmù ní nǹkan bí 4,200 ọdún sẹ́yìn, tí kò sì sí èyí tó bú lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ ní Colorado.

Kẹ̀kẹ́ àti ohun tó ń bà á jẹ́

Bí ẹ bá máa yá kẹ̀kẹ́, ẹ má gbà á lọ́wọ́ wọn kí ẹ má yẹ̀ ẹ́ wò. Bíréèkì ló ṣáájú. Ní Amẹ́ríkà, ọwọ́ òsì ló ń mú táyà iwájú, ọwọ́ ọ̀tún ń mú tẹ̀yìn. Ní Ìlú Ọba, ìdàkejì rẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti mọ́ lára ní Lọ́ńdọ̀nù pé òsì ló ń mú ẹ̀yìn, tó wá fi ìpayà fà á nígbà tí ọmọdé sáré já sọ́nà, orí hándù ni yóò gbà kọjá. Kí gbogbo ẹgbẹ́ rọra dán an wò nínú ọgbà ilé ìyákẹ̀kẹ́ kí ẹ tó jáde.

Lẹ́yìn bíréèkì, ẹ wo ìjókòó. Ẹ gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bí ẹsẹ̀ bá nà tán láìjẹ́ pé ìbàdí yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó dára. Àwọn tó ń yá kẹ̀kẹ́ jáde máa ń fi ìjókòó sísàlẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè tètè kanlẹ̀, orúnkún á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín ní Shoshone. Ẹ gbé táyà iwájú sókè, ẹ lù ú kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: ohunkóhun tó bá ń mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀, ẹ dá a padà kí wọ́n dè é. Ẹ yí gbogbo gíà láti ìkíní dé ìkẹyìn. Akoto kò yẹ ní sísọ, ẹ dé e, kí okùn rẹ̀ sì fún tó bẹ́ẹ̀ tí ìka méjì péré fi lè wọ abẹ́ àgbọ̀n.

Ẹ̀gún ni olórí ọ̀tá táyà níbẹ̀. Ewéko kan ń hù létí ọ̀nà ní gbogbo apá ìwọ̀ oòrùn Colorado, tí èso rẹ̀ ní ẹ̀gún líle: dágunró ni, èyí tí àwọn àgbà nílé mọ̀ dáadáa. Ibikíbi tó bá bọ́ sí, ẹ̀gún rẹ̀ kan á dojú kọ òkè. Ẹ má gbé kẹ̀kẹ́ wọ koríko láti sinmi, orí kọnkéré tàbí òkúta ni kí ẹ dá a dúró sí. Bí táyà bá jò, ẹ yọ tíúbù, kí ẹ sì fi ìka rọra pa inú táyà yípo. Ẹ̀gún tó jò ó ṣì lè wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fi tíúbù tuntun sí i láìyọ ẹ̀gún, kò ní gùn ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ kó tó tún jò. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní tíúbù méjì tó bá táyà rẹ̀ mu, kí ẹgbẹ́ èèyàn mẹ́rin ní pọ́ǹpù kan àti ohun èlò ìyọ táyà. Kò sí fọgánáísà nínú ọ̀gbun, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù sì máa ń lọ máa ń bọ̀. Ẹni tó wọn kílò 75, tí táyà rẹ̀ jẹ́ mílímítà 32, psi 55 sí 65 (ìwọ̀n bí afẹ́fẹ́ inú táyà ṣe le tó) tó o. Táyà tó bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ á máa fò lórí oríkèé kọnkéré, á sì máa yọ̀ lórí yanrìn.

Yanrìn yẹn náà ṣe pàtàkì. Òjò máa ń fọ̀ ọ́ wá sórí ọ̀nà lábẹ́ afárá àti níbi tí odò kéékèèké bá ti wọlé. Ẹ má fa bíréèkì lórí rẹ̀, ẹ má sì tẹ kẹ̀kẹ́. Ẹ dín eré kù kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ di hándù mú gbọn-in, ẹ jẹ́ kó yí lọ fúnra rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì dára fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò tó ti àwọn yòókù. Òfin Colorado gba kíláàsì kìíní àti ìkejì, tí mọ́tò wọn kì í ti kẹ̀kẹ́ kọjá máìlì 20 ní wákàtí kan, sí ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Kíláàsì kẹta, tó ń dé máìlì 28, kò ní àṣẹ yẹn bí kò ṣe níbi tí àwọn aláṣẹ àdúgbò bá fún un. Ẹ má lo bátìrì kọjá ìdajì kí ẹ tó dé òkè. Bó ti jẹ́ pé ìsọ̀kalẹ̀ ló kù kò ní kí afẹ́fẹ́ má jẹ bátìrì tán, kẹ̀kẹ́ tó wọn kílò 25 tí bátìrì rẹ̀ kú kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tẹ̀ lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ fún kìlómítà mẹ́wàá.

Bí ẹgbẹ́ ṣe ń rìn

Ọ̀nà náà kò fẹ̀. Kẹ̀kẹ́ méjì lè pàdé kí wọ́n kọjá lára ara wọn, ẹ̀kẹta á di wàhálà. Ẹgbẹ́ èèyàn méjìlá tó bá tò gbọọrọ bí ọkọ̀ ojú irin ń dí gbogbo ayé lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó lè yà wọ́n sílẹ̀. Ẹ pín ara yín sí mẹ́rin-mẹ́rin, kí ìpín kọ̀ọ̀kan jìnnà síra wọn tó ìṣẹ́jú méjì. Kí ẹni tó mọ ọ̀nà wà níwájú, kí ẹni tó mọ kẹ̀kẹ́ ṣe wà lẹ́yìn pátápátá, nítorí ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bàjẹ́ máa ń já sẹ́yìn ni. Ibi ìsinmi ni ẹ ti ń dúró de ara yín, kì í ṣe lójú ọ̀nà. Apá ọ̀tún ni ẹ óò máa gbà, bí ẹ bá sì fẹ́ kọjá lára ẹnì kan, ẹ ké «on your left» (ìyẹn «mo ń gba òsì rẹ kọjá») kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ohùn tó lọ sókè, láìjágbe. Ní kọ̀rọ̀ abẹ́ afárá, ẹ tẹ aago kẹ̀kẹ́.

Bí afẹ́fẹ́ bá mú yín ní àbọ̀, ẹ tò tẹ̀ léra. Ẹni tó wà lẹ́yìn ẹlòmíràn lè fi bí ìdá mẹ́rin agbára rẹ̀ pamọ́, nígbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹni tó wà níwájú fa ẹgbẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì, kó wo iwájú dáadáa bóyá ẹnì kankan ń bọ̀, kó yà sí òsì díẹ̀, kó dín agbára kù, kó sì já sẹ́yìn. Bí ọ̀nà bá kún, kó má yà, kó dúró de ibi tó tọ́. Àwọn tí wọn kò tíì gùn bẹ́ẹ̀ rí, kí wọ́n fi mítà kan sílẹ̀ láàárín táyà àti táyà. Ohun tó ń bi èèyàn ṣubú jù ni kí táyà iwájú ẹni wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn ẹlòmíràn. Bí ẹni iwájú bá yẹ̀ díẹ̀ péré, ẹni ẹ̀yìn ló máa ń ṣubú.

Omi: ìdajì lítà sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà fún wákàtí kọ̀ọ̀kan, èyí tó túmọ̀ sí pé ìgò ńlá méjì kò pọ̀ jù. Ẹ má gbójú lé ẹ̀rọ omi ibi ìsinmi, àtúnṣe lè ti í pa, ẹ má sì retí ṣọ́ọ̀bù létí ọ̀nà. Oúnjẹ: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, búrẹ́dì, ìpékeré oníyọ̀, ohun tí inú yín mọ̀. Ẹ máa jẹ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú ogójì, kí ebi tó dé. Ẹni tó bá ti etí òkun wá, láti Lagos tàbí Houston, á rí i pé èémí ò tó, nítorí agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń wọ ẹ̀dọ̀fóró ní gíga yẹn jẹ́ bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ti etí òkun. Ẹ sùn sínú ìlú ní alẹ́ kan tàbí méjì ṣáájú.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Wọ́n máa ń ti ọ̀nà yìí, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Yìnyín ń bò ó nígbà òtútù, wọn kì í kó o. Ní oṣù Karùn-ún àti Kẹfà, bí yìnyín orí òkè bá yọ́, odò máa ń gun àwọn apá tó wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn iná ìgbó Grizzly Creek ti oṣù Kẹjọ ọdún 2020, tó jó éékà tó ju 32,000 lọ, kò sí gbòǹgbò tó ń di ilẹ̀ òkè mú mọ́. Ní òpin oṣù Keje 2021, òjò fọ ẹrẹ̀ àti àpáta wálẹ̀, I-70 sì wà ní títì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti kéde ewu àgbàrá, ẹ má wọlé. Ojúlé COtrip lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ilé iṣẹ́ ojú ọ̀nà ìpínlẹ̀ náà ti ń kéde ìtìpa I-70. Ẹ wò ó ní alẹ́ ṣáájú, ẹ tún wò ó láàárọ̀. Ìparí oṣù Kẹjọ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá la fẹ́ràn jù: odò ti rọ̀, ìjì ti dín kù, ewé igi etí omi sì ń di àwọ̀ wúrà.

Ẹni tó bá fẹ́ gun òkè lọ wo adágún Hanging Lake gan-an gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ṣáájú, dọ́là 12 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ló gbé e débẹ̀. Iṣẹ́ àtúnṣe máa ń ti ọ̀nà ẹsẹ̀ náà pa nígbà mìíràn, nítorí náà ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó sanwó. Ọ̀nà ẹsẹ̀ yìí jẹ́ máìlì 1.2 ní àlọ, ó sì ga fíofío. Èrò tiwa ni pé kí ẹ má ṣe é pọ̀ mọ́ àlọ-àbọ̀ Dotsero lọ́jọ́ kan náà. Ó ń gba wákàtí mẹ́ta, bàtà kẹ̀kẹ́ kò yẹ ẹ́, á sì gbé yín bọ́ sínú afẹ́fẹ́ ọ̀sán tí a ti ní kí ẹ sá fún.

Àwọn tí kìlómítà 52 kò tó, kí wọ́n kọ́kọ́ parí ọ̀gbun, kí wọ́n wá gba ọ̀nà Rio Grande láti inú Glenwood Springs lọ sí Carbondale, lórí ojú irin àtijọ́ tó tẹ̀ lé odò Roaring Fork. Àlọ-àbọ̀ rẹ̀ á fi bíi máìlì 25 kún un, gbogbo rẹ̀ á súnmọ́ kìlómítà 92, Carbondale sì ní ilé oúnjẹ tó dára. Ọ̀nà náà ń bá a lọ títí dé Aspen, máìlì 42 láti Glenwood, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ tó wà lẹ́yìn Carbondale, láàárín Catherine Bridge àti Rock Bottom Ranch, máa ń wà ní títì láti ìparí oṣù Kọkànlá títí di òpin oṣù Kẹrin nítorí àwọn ẹranko tó ń lo ìgbà òtútù níbẹ̀.